Bí Oúnjẹ Bá Jẹ́ Oògùn, Ta Ni Yóò San Owó Rẹ̀?



Àwọn àgbà ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé ilé ìwòsàn, ó dà bí ẹni pé a gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ìyá kan gbé ọmọ ọdún méjì lọ sí ilé ìwòsàn. Ara ọmọ náà gbóná, ó sì rù. Nọ́ọ̀sì fi téèpù wọn apá rẹ̀. Téèpù bọ́ sí ibi tí ó ní àwọ̀ ìyeyè. Èyí ni pé apá ọmọ náà kò tó mílímítà 125. Nọ́ọ̀sì kọ oògùn ibà sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ó ní: « Ìyá ọmọ, ẹ máa fún un ní ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀pà. »

Fún oògùn ibà, ìwé wà. Fún ẹyin àti ẹja, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìyá náà ná owó ọwọ́ rẹ̀ tán sórí oògùn. Ó dé ilé, ó tún po ògì lásán fún ọmọ. Lẹ́yìn oṣù kan, ó tún gbé ọmọ náà padà wá.

Ṣé ibà nìkan ni ó ń ṣe ọmọ yìí? Rárá o. Ebi ni ó ṣílẹ̀kùn fún ibà. Ara tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ kò lè bá àìsàn jà.

Èrò tèmi nìyí: bí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá kọ oúnjẹ fún aláìsàn, kí adójútòfò ìlera san owó rẹ̀, bí ó ti ń san owó oògùn.

Kí ni adójútòfò ìlera? Ó jọ èésú díẹ̀. Nínú èésú, gbogbo wa ń dá owó, olúkúlùkù sì ń kó tirẹ̀ ní ìgbà tirẹ̀. Nínú adójútòfò, gbogbo wa ń dá owó sínú àpò kan, ìjọba lè fi kún un nítorí àwọn tálákà, ṣùgbọ́n ẹni tí àìsàn bá mú ni a ó fi tọ́jú. Ní ọdún 2019, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán irú ètò yìí wò lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní ARCH. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Tógò bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AMU.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ nínú ìwé oògùn kì í ṣe tuntun. Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Mound Bayou ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ti bọ́ lóko ẹrú ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1887. Òwú ni wọ́n ń gbìn ní agbègbè náà. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tí ń ká òwú dé. Oògùn tí ń pa koríko náà dé. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní oko olóko, ebi sì wọlé.

Ní ọdún 1967, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn kan níbẹ̀. Dókítà Jack Geiger wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Àwọn dókítà rí i pé ebi ń pa àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá. Wọ́n bá kọ oúnjẹ sínú ìwé oògùn: mílíìkì tó báyìí, ẹran tó báyìí, ẹ̀fọ́ tó báyìí. Àwọn òbí mú ìwé náà lọ sí ìsọ̀ oúnjẹ. Olóúnjẹ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, láti inú owó oògùn.

Inú àwọn aláṣẹ kò dùn. Wọ́n ní owó oògùn kì í ṣe owó oúnjẹ. Geiger dá wọn lóhùn pé nínú ìwé ìṣègùn tí àwọn kà, oúnjẹ ni oògùn àìsàn ebi.

Wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n ran àwọn ará ìlú lọ́wọ́ láti dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀. Ní agbègbè tí òwú ti gbalẹ̀ kan, wọ́n gbin ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ọ̀dùnkún. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin òwú ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Kétu, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Òwú ń mú owó wá, ṣùgbọ́n a kì í se òwú jẹ.

Àwa náà ní oúnjẹ tí ó jẹ́ oògùn. Bí apá ọmọ kò bá tó mílímítà 115, téèpù yóò bọ́ sí pupa. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fún ní oúnjẹ inú ọ̀rá. Ẹ̀pà lílọ̀, mílíìkì, ṣúgà, òróró àti àwọn èròjà tí ń fún ara lókun ni wọ́n fi ṣe é. Dókítà ará Faransé kan, André Briend, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1996. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ mọ́ àwọn oògùn tí ó yẹ kí ó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ta ni yóò tún sọ pé oúnjẹ kì í ṣe oògùn?

Ṣùgbọ́n owó ìrànlọ́wọ́ láti òkèèrè ni wọ́n sábà máa ń fi rà á. Ní ọdún 2025, Amẹ́ríkà gé owó ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kù, oúnjẹ yìí sì wọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà. Ohun tí ènìyàn ń fi àánú ẹlòmíràn jẹ lè dúró lọ́jọ́ kan. Nítorí náà ni mo fi fẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀tọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé adójútòfò.

Àwọn kan yóò ní: « Gbogbo ènìyàn ni ó ń jẹun. Bí adójútòfò bá ń ra oúnjẹ, àpò yóò gbẹ. » Mi ò sọ pé kí wọ́n máa bọ́ gbogbo ìlú. Ọmọ tí téèpù fi hàn pé ó ti rù, aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ẹni tí ó ń gba ìtọ́jú ikọ́ ife: àwọn wọ̀nyí ni mo ń sọ. Nígbà tí ara bá le, kí ìwé náà parí.

Àwọn mìíràn yóò ní: « Gbogbo ilé ni yóò pín ẹyin ọmọ náà jẹ. » Òótọ́ ni. Níbi tí ebi ti ń pa ènìyàn mẹ́fà, ẹnì kan kò lè dá jẹ ẹyin. Ẹ jẹ́ kí ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé tó pín, kí ti ọmọ má bàa tán.

Ṣé owó wà? Ní ọdún 2009, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó iṣẹ́ abẹ fún aboyún tí kò lè bímọ fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kà sí pàtàkì, wọn a wá owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò jẹun kánú kì í ṣe kékeré. Ìwádìí ọdún 2017 sí 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Bẹ̀nẹ̀, 32 ni kò ga tó ọjọ́ orí wọn.

Owó náà kò sì ní í lọ jìnnà. Àwọn obìnrin wa ni ó ń gbin ẹ̀pà àti sóyà. Ẹgbẹ́ wọn lè lọ ìyẹ̀fun fún ilé ìwòsàn. Owó ìtọ́jú ọmọ yóò di owó oko fún ìyá.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Oúnjẹ kò gba ipò oògùn ibà. Ẹ má fi ẹyin dípò oògùn tí nọ́ọ̀sì kọ. Méjèèjì ni kí ọmọ gbà, kí ìwé kan náà sì san owó méjèèjì.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ bá tún wá bá wa sọ̀rọ̀ adójútòfò ìlera, ẹ jẹ́ kí á bi wọ́n: « Oúnjẹ tí nọ́ọ̀sì ní kí ọmọ wa jẹ ńkọ́? »

Ẹ jíròrò rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ yín:
1. Oúnjẹ wo ni nọ́ọ̀sì ti sọ fún yín rí, tí ẹ kò rí owó rà?
2. Èwo nínú rẹ̀ ni a lè gbìn tàbí sìn níhìn-ín?
3. Ta ni a ó rán lọ bá ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn wa sọ ọ́?