Orógbó àti àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ọpọlọ

Bí orógbó kò bá sí nínú àwo níbi ìsọmọlórúkọ, àwọn àgbà yóò ní ohun kan kù. Òun ni wọ́n fi ń wúre pé kí ọmọ náà gbó, kó sì tọ́. Èso kíkorò yìí náà ni àwọn onímọ̀ gbé wọ yàrá àyẹ̀wò nítorí ọpọlọ.

Kì í ṣe iṣan ìmọ̀lára nìkan ló wà nínú ọpọlọ o. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn rọ̀gbà yí wọn ká, wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń tún àyíká wọn ṣe. Lọ́dún 1856, Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì, fún wọn ní orúkọ tó túmọ̀ sí àtè iṣan, àfi bí ẹni pé kí wọ́n lẹ nǹkan pọ̀ nìkan ni iṣẹ́ wọn. Lọ́dún 1919 ni Pío del Río-Hortega, ará Sípéènì, ya àwọn kan sọ́tọ̀ lára wọn, ó pè wọ́n ní microglia. Ẹ̀ṣọ́ ni àwọn wọ̀nyí. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, wọ́n á dìde sí i. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá kú, wọ́n á gbé òkú rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n bí ọdẹ àdúgbò bá ń yìnbọn láti àṣálẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ọta lè ba onílé. Ẹ̀ṣọ́ tí inú rẹ̀ ń ru láìdẹwọ́ a máa tú oró sára iṣan tó ń ṣọ́. Wọ́n rí irú èyí nínú àrùn ìgbàgbé Alzheimer àti àrùn Parkinson tó ń mú ara gbọ̀n.

Níbẹ̀ ni orógbó ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Àkójọ èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kolaviron. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Huddersfield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ láti inú ọpọlọ eku ni wọ́n fi oró ara bakitéríà tọ́ níjà. Nígbà tí kolaviron dé ibẹ̀, ìbínú wọn rọlẹ̀, oró tí wọ́n ń tú sì dínkù.

Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti ń gbàgbé orúkọ ọmọ tó bí yóò fẹ́ sáré lọ ra orógbó. Kó rọra. Inú àwo ni sẹ́ẹ̀lì eku wọ̀nyẹn wà. Kò sí ẹ̀dọ̀ tí yóò kọ́kọ́ lọ èròjà náà, kò sí odi tó ń dènà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ. Kí ó má gba oògùn dókítà lọ́wọ́ ìyá nítorí rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń rún lẹ́nu kò jọ èyí tí wọ́n kán sínú àwo, kò sì tíì sí dókítà tó lè sọ pé méjì láàárọ̀, mẹ́ta lálẹ́.