Ooru Méjì Lára Obìnrin Kan

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí jẹ́ èyí tí àwọn ìyá wa kì í fẹ́ sọ síta. Bí a bá parí àsálátù ní ọjọ́ Àìkú níhìn-ín ní Àbújá, tí àwọn ọkùnrin ti lọ tán, ni wọ́n máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́ fún ara wọn: oorun kò sí mọ́ lóru, ara ń gbóná bí ẹni tí ó jókòó ti ààrò, nǹkan oṣù dé lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kan, ó sì tún lọ fún oṣù mẹ́ta. Èsì kan náà ni wọ́n máa ń rí gbà: "Àgbà ló ń dé yẹn, ẹ rọ́jú." Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni èsì yìí. Ṣùgbọ́n obìnrin kan lè wà láàárín wọn tí èsì náà kò tó fún. Òun ni ẹni tí àìsàn mìíràn ti ń bá gbé kí àgbà tó dé, àìsàn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ multiple sclerosis, tí àwọn dókítà ń gé kúrú sí MS.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú èyí tí gbogbo wa mọ̀. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù máa ń dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ obìnrin, àwọn dókítà kò sì ní sọ pé ó ti dáwọ́ dúró títí oṣù 12 yóò fi kọjá láìrí ẹ̀jẹ̀ rárá. Ohun tí ó fà á ni pé ilé ẹyin obìnrin ti ń dín estrogen kù, èròjà tí ó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn lọ sí eegun, awọ ara, àpò ìtọ̀ àti ọpọlọ. Bí èròjà yìí bá ń lọ tí ó ń bọ̀, apá ibi tí ọpọlọ ti ń díwọ̀n ooru ara a máa ṣì í kà. Ooru díẹ̀ yóò jọ iná ńlá lójú rẹ̀, ara yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí da òógùn. Èyí kì í ṣe àìsàn. Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé pàápàá mẹ́nu kan àwọn obìnrin tí kò retí nǹkan oṣù mọ́, ní ẹsẹ kẹrin Sùúrà Tọ́láákì, níbi tí ó ti ń ka iye oṣù tí wọn yóò fi dúró lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀. Kò sí ìtìjú kankan nínú bí ó ti sọ ọ́. Àwa ni a mú ìtìjú wọ̀ ọ́.

MS yàtọ̀. Àwọn iṣan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀ àti àpò ìtọ̀ ní ohun kan tí ó bò wọ́n, gẹ́gẹ́ bí rọ́bà ti bo wáyà iná. Nínú ara ẹni tí ó ní MS, àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́hun fi sínú ẹ̀jẹ̀ láti bá àrùn jà yóò ṣi ilé kọlù, wọn yóò sì máa họ rọ́bà yìí kúrò nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Níbi tí ó bá ti họ, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán yóò pẹ́ kí ó tó dé, tàbí kí ó má dé mọ́. Ojú kan lè ṣókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ó sì tún là. Ẹsẹ̀ lè wúwo tàbí kí ó kú. Àárẹ̀ tí oorun kò lè wò lè gbé ènìyàn dálẹ̀. Kì í ranni. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà: dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean-Martin Charcot, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ọdún 1868. Láàárín ọdún 20 sí 40 ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin tí ó ń mú sì tó ìlọ́po méjì ọkùnrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹ̀mí obìnrin tí ó ní in bá gùn, dandan ni kí àìsàn yìí àti ìdádúró nǹkan oṣù pàdé lára rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìdààmú ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì. Àárẹ̀, àìrí oorun sùn, ìgbàgbé, ìtọ̀ tí kì í dúró de ni, ọkàn tí ó ń rẹ̀wẹ̀sì: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a kò lè fi sí ọrùn èyí tàbí tọ̀hún. Obìnrin tí MS rẹ̀ ń peléke yóò gbọ́ pé àgbà ni. Ẹni tí ó sì jẹ́ pé nǹkan oṣù ni ó ń lọ yóò rò pé àìsàn òun ti burú kọjá àtúnṣe. Ohun tí àwọn dókítà ń rí ni pé ìkọlù òjijì MS máa ń dín kù bí ọjọ́ orí ti ń ga, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ kí ìrìn máa nira díẹ̀díẹ̀ sí i. Bí ojú kan bá ṣú, bí ẹsẹ̀ kan bá wúwo ju èkejì lọ, bí apá kan ara bá kú, tí ó sì kọjá wákàtí 24 láìlọ, ẹ má fi ti nǹkan oṣù ṣe. Bí ó bá sì jẹ́ pé wàràwàrà ni apá kan rọ tàbí tí ẹnu wọ́, ẹ má dúró ka wákàtí kankan. Ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ooru ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí jù. Ní ọdún 1890, dókítà ojú kan ní Jámánì, Wilhelm Uhthoff, ṣàkíyèsí pé àwọn aláìsàn MS kan a máa ríran bàìbàì bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ tí ó mú ara gbóná. Iṣan tí rọ́bà rẹ̀ ti họ kò lè fara da ooru. Bí ooru ara bá fi ìdajì digirì péré lé sí i, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán lè má kọjá níbẹ̀ mọ́. Bí ara bá sì tutù, ọ̀nà á tún là. Àwọn dókítà gbára lé èyí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, kí ẹ̀rọ MRI tó dé, wọ́n a máa gbé ẹni tí wọ́n fura sí sínú omi gbígbóná láti wò ó bóyá àmì àìsàn náà yóò jáde.

Ẹ wá wo obìnrin yìí ní ilé onípáànù ní Nyanya tàbí Kubwa, nínú oṣù Mááṣì, nígbà tí ooru ìta fẹ́rẹ̀ẹ́ tó digirì 40, tí wọ́n sì ti mú iná lọ. Ooru kan ń ti inú jáde, òmíràn ń ti ìta wọlé, àwọn méjèèjì sì pàdé lórí iṣan tí kò ní aṣọ. Ó dìde láti lọ ṣe àlùwàlá, ẹsẹ̀ kò gbé e. Kí ni a ó ṣe fún un? Ilé Yorùbá wo ni a ti máa ń rántí omi tútù bí ẹsẹ̀ ìyá bá wúwo? Omi gbígbóná ni, pẹ̀lú aṣọ ìnura tí a rì sínú omi híhó, tàbí àgbo tí a fi aṣọ bò ó mọ́ kí oruku rẹ̀ lè wọ eegun. Ó dára fún làkúrègbé, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n agbára tí ó kù lẹ́sẹ̀ obìnrin yìí gan-an ni yóò gbà, ó sì lè ṣubú nínú balùwẹ̀ níbi tí àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù ti ń wẹ̀ ẹ́. Ìṣubú náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé àìsí estrogen ń sọ eegun di ẹlẹgẹ́, oògùn steroid tí a fi ń pa iná MS náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí lílò rẹ̀ bá pọ̀.

Omi tútù ni tirẹ̀. Kí a fi aṣọ tútù lé e lọ́rùn, kí ó wẹ omi tí kò gbóná kí ó tó sùn, kí fáànù onípáńpẹ́ẹ̀tì tàbí ti bátìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Híjáàbù rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ aṣọ oníke tí ń dan. Òwú ni, kí ó gbòòrò. Bàbá tí ó bá lè ra jẹnẹrétọ̀ nítorí bọ́ọ̀lù lè tan án nítorí ìyàwó.

A lè béèrè pé ṣé àìsàn òyìnbó kọ́ ni èyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, ẹni tí òkìkí rẹ̀ nínú ìmọ̀ ọpọlọ kárí ayé, gbé àkọsílẹ̀ jáde ní ọdún 1971 lórí àwọn àrùn ọpọlọ àti iṣan tí a rí ní Ìbàdàn, MS sì ṣọ̀wọ́n gidigidi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì sí MRI láyé nígbà náà. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2013 ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ni MS ń mú jù níbẹ̀, ju àwọn funfun lọ. Ní Àbújá tiwa, National Hospital tí wọ́n ṣí ní ọdún 1999, tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ti obìnrin àti ọmọdé, àti ilé ìwòsàn Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada, jẹ́ ibi tí a ti lè béèrè fún dókítà ọpọlọ àti iṣan. Owó rẹ̀ ń dùn ni, n kò ní parọ́. Ní ọdún 2023, àjọ ìlera àgbáyé fi oògùn MS mẹ́ta sínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémánìí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni rituximab, tí àwọn dókítà jẹjẹrẹ ti ń lò tipẹ́. Ní ti estrogen tí a ń lò láti fi pa ooru, ìwádìí ọdún 2002 ní Amẹ́ríkà dẹ́rù ba gbogbo ayé, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé ewu rẹ̀ kéré fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí kò tíì pé 60. MS nìkan kò fi òfin dè é. Ẹni tí kì í lè rìn púpọ̀ ni kí ó ṣọ́ra nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì, dókítà ni yóò sì díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ̀sìn ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ṣe ségesège máa ń da ọkàn àwọn ìyá wa rú: ṣé kí wọ́n kírun ni tàbí kí wọ́n dúró? Nígbà tí Fatimah ọmọ Abu Hubaysh gbé irú ẹjọ́ yìí lọ sọ́dọ̀ Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ó jẹ́ kí ó yé e pé ẹ̀jẹ̀ tí kò dúró kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni nǹkan oṣù. Bí iye ọjọ́ tí ó mọ̀ bá ti pé, kí ó wẹ̀, kí ó máa kírun. Àwọn onímọ̀ Màlíkì tí a ń tẹ̀lé sọ pé ẹ̀jẹ̀ tí a rí láàárín ọdún 50 sí 70, àwọn obìnrin tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ni kí a bi. Lójú tèmi, dókítà obìnrin wà lára wọn lónìí. Ẹ̀jẹ̀ tí ó bá sì yọjú lẹ́yìn oṣù 12 tí kò ti wá, ilé ìwòsàn ni kí a gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, nítorí pé jẹjẹrẹ ilé ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìtọ̀ tí ń jò, kò lé obìnrin kúrò lórí ẹní ìrun. Ní ìlànà Màlíkì, bí jíjò náà bá gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò ìrun, kò ba àlùwàlá jẹ́. Ẹni tí kò lè dúró yóò jókòó kírun, ẹni tí kò lè jókòó yóò fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Imran ọmọ Husayn ni Ànábì sọ ọ́ fún, ó sì wà nínú àkójọ Bukhari. Ààwẹ̀ ni ó le jù ní ìlú yìí, nítorí pé oṣù Mááṣì àti Épírì ni Rámádáànì ọdún 2023 àti 2024 bọ́ sí, Mááṣì sì ni ti 2025, ìgbà tí Àbújá ń gbóná jù lọ. Ẹsẹ 184 Sùúrà Bákárà ti fún aláìsàn láyè. Bí dókítà bá ní kò lè gbà á láéláé, kí ó máa bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Màlíkì kà á sí ohun rere tí a fẹ́, kò sọ ọ́ di ọ̀ranyàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wò ó bí ọ̀lẹ níbi tí ó ti ń mu omi lọ́sàn-án.

Àwọn kan ń béèrè nípa ilé Ọlọ́hun. Nígbà tí Ummu Salamah, ìyàwó Ànábì, ń ṣàìsàn ní Mẹ́kà, Ànábì ní kí ó gun ẹran, kí ó máa yípo láti ẹ̀yìn àwọn ènìyàn. Kẹ̀kẹ́ aláìsàn wà ní Hárámù lónìí, kò sì sí àbùkù nínú jíjókòó sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru Háájì ọdún 2024 kọjá digirì 50, àwọn tí ó kú sì lé ní 1,300. Obìnrin tí ó ní MS, tí owó rẹ̀ tó Úmúrà, kí ó fi sí oṣù Dìsẹ́ńbà tàbí Jánúárì, kí ó bá ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ, kí ó sì ṣe táwáfù rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Íṣáì, nígbà tí ilẹ̀ ti tutù.