Ẹ jẹ́ kó bojú sọ̀rọ̀

Lọ́dún 2015, Sẹ́nétọ̀ Bala Ibn Na'Allah gbé àbá òfin kan wá pé ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ búra ní kóòtù. Ariwo ta, wọ́n sì dà á nù ní 2016. Èrò náà ò kú o. A ṣì ń gbọ́ ọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì láì forúkọ sí i. Èmi ò fara mọ́ ọn. Lágbo eré l'Ọ̀yọ́, inú agọ̀ leégún aláré ti ń fi ìwà àwọn èèyàn ńlá ṣẹ̀fẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ní kó ṣíjú. Tísà kan l'Ógbòmọ̀ṣọ́ tó bá rí i pé wọ́n ń gbowó ẹ̀bùrú lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò, ṣé orúkọ rẹ̀ ni kó fi kọ ọ́, kí tiransífà Ṣakí lè tètè bá a nílé? Òótọ́ ni pé àwọn abanijẹ́ pọ̀ lórí Facebook. Ṣùgbọ́n òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti wà láti 2015, ìjọba sì ti ní ká so nọ́ńbà ìdánimọ̀ wa, NIN, mọ́ síìmù, nítorí náà wọ́n lè wá abanijẹ́ rí láì fipá mú gbogbo èèyàn forúkọ sí ọ̀rọ̀. Àwọn ará South Korea dán irú òfin kí èèyàn máa fi orúkọ gidi kọ̀rọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì wò lọ́dún 2007. Ilé ẹjọ́ wọn wọ́gi lé e ní 2012. Ẹ̀yin aṣòfin tá a dìbò fún l'Ọ̀yọ́ àti l'Ógbòmọ̀ṣọ́, bí wọ́n bá tún gbé irú àbá òfin bẹ́ẹ̀ dé, ẹ má fọwọ́ sí i.