Wọ́n Ti Ta Nọ́ńbà, Ẹrù Oníǹkan Ṣì Wà Nínú Rẹ̀

Ní ọdún 2019, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS mú ọkùnrin oníṣòwò kan ní Asaba, wọ́n sì tì í mọ́lé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju síìmù tó fi owó ara rẹ̀ rà lọ. Ọmọ Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, ló ti lo nọ́ńbà náà rí. Ní 2020, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Asaba ní kí DSS san mílíọ̀nù 10 náírà fún un. Ti àtìmọ́lé yẹn ló ká ọ̀pọ̀ ènìyàn lára, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ ni èmi ń wò: kí ni ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ fóònù ṣe kí ó tó ta nọ́ńbà tí ẹlòmíì ti lò rí?

Títún nọ́ńbà lò kọ́ ló burú. Nọ́ńbà ní òǹkà. Díjíìtì 7 péré ló ń tẹ̀lé 0803, nítorí náà kò lè bí ju mílíọ̀nù 10 lọ. Ìdí nìyẹn tí 0806, 0703, 0813, 0903 àti àwọn àbúrò wọn fi ń tò tẹ̀ lé e láti ìgbà tí GSM ti dé ní 2001. Òfin NCC, àjọ tó ń bójú tó ilé-iṣẹ́ fóònù, sọ pé bí láìnì bá lo oṣù 6 láìṣe ohun tó mú owó wọlé fún ilé-iṣẹ́ tó ni ín, wọ́n lè tì í pa. Bí oṣù 6 mìíràn bá tún kọjá, nọ́ńbà lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Ọdún kan gbáko nìyẹn. Ọjọ́ 45 ni ó kéré jù tí nọ́ńbà gbọ́dọ̀ sinmi ní Amẹ́ríkà, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè ní ojú ń kán wa.

Ṣùgbọ́n àkókò kọ́ ni ìṣòro. Nígbà tí GSM dé, pípe ara wa nìkan la fi nọ́ńbà ṣe. Láti ìgbà tí Báńkì Àpapọ̀ ti gbé BVN jáde ní 2014, tí báńkì kọ̀ọ̀kan sì ti ní kóòdù tí ènìyàn lè tẹ̀ láti fi owó ránṣẹ́, nọ́ńbà ti di kọ́kọ́rọ́. Orí rẹ̀ ni OTP ń wọlé sí, orí rẹ̀ ni àlẹ́ẹ̀tì ti ń dún. Ilé-iṣẹ́ tó bá gbé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà tuntun láìbi báńkì léèrè dà bí onílé tó gba yàrá lọ́wọ́ ayálégbé tí kò wálé, tí kò kó ẹrù rẹ̀ síta, tí kò pààrọ̀ àgádágodo, tó wá fa kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Bí ẹni tuntun bá jẹ́ ọmọlúàbí, òun náà kò ní sinmi: àlẹ́ẹ̀tì owó oṣù ẹni tí kò mọ̀ rí yóò máa jí i lóru, àwọn áàpù tó ń yáni lówó yóò sì máa bú u lórí gbèsè tí kò jẹ. Bí kì í bá ṣe ọmọlúàbí ńkọ́? Ní 2021, Kevin Lee àti Arvind Narayanan ní Yunifásítì Princeton yẹ nọ́ńbà 259 wò, èyí tí ilé-iṣẹ́ ńlá 2 ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ fún oníbàárà tuntun. 171 nínú wọn ṣì so mọ́ àkáǹtì ẹnìkan lórí àwọn ìkànnì tí tẹrú-tọmọ ń lò. Amẹ́ríkà nìyẹn o, níbi tí ènìyàn kì í ti í tẹ kóòdù lórí fóònù tọ́ọ̀ṣì láti fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lábúlé.

Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù yóò ní ẹni tó ni àkáǹtì ló yẹ kó lọ yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò ní báńkì. Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá wà láyé, tó sì wà nílé. Òkú kì í lọ sí báńkì. Owó rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń sáré ìwé ilé ẹjọ́ tí báńkì ń béèrè kó tó san án. Ẹni tó japa lọ sí London gbé síìmù tirẹ̀ sísàlẹ̀ àpótí, kò rántí rẹ̀ mọ́ títí ó fi nílò OTP. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ńkọ́, tàbí ẹni tí àìsàn dè mọ́lẹ̀?

Àtakò tó wúwo ni ti àṣírí: ta ló fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ fóònù máa wo ìwé báńkì òun? Kò sídìí fún un. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni àjọ FCC ti ní àkójọ nọ́ńbà tó bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń béèrè yóò fi nọ́ńbà àti ọjọ́ kan ránṣẹ́, ìdáhùn kò sì ju bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, tàbí pé kò sí àkọsílẹ̀. Tiwa lè rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ilé-iṣẹ́ fi nọ́ńbà tó fẹ́ gbà padà han àwọn báńkì ní oṣù 3 ṣáájú. Kí báńkì yẹ ìwé ara rẹ̀ wò, kó ti kóòdù àti OTP orí nọ́ńbà náà pa, kó sì fèsì pé òun ti yọ ọ́. Báńkì tó mọ orúkọ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ fóònù kò sì ní mọ iye tó wà níbẹ̀. Kí sì ni a tò sórí ìlà NIN nínú oòrùn fún, nígbà kòrónà, bí kì í bá ṣe irú èyí? Láti ìparí 2020 ni wọ́n ti ní ká so síìmù mọ́ NIN, gbèdéke ìkẹyìn sì di oṣù kẹsàn-án 2024. Ní ìparí 2023, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ kí àkáǹtì gbogbo ní BVN tàbí NIN. Bí nọ́ńbà bá wá kúrò lórí NIN Àlàbá bọ́ sórí NIN Ìdòwú, kò yẹ kí kọ̀ǹpútà báńkì ṣì máa pe Ìdòwú ní Àlàbá.

Yóò ná ilé-iṣẹ́ fóònù àti báńkì lówó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àìbìkítà náà ń náni lówó. Ní 2015, NCC bu ìtanràn tírílíọ̀nù 1.04 náírà lé MTN lórí nítorí síìmù tó lé ní mílíọ̀nù 5 tí ìforúkọsílẹ̀ wọn kò péye, 200,000 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó dín in kù sí bílíọ̀nù 330 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Síìmù tí kò lórúkọ nìyẹn. Èyí tó ní orúkọ ẹni 2 nínú ìwé 2 kò yẹ kó dín ní 200,000 kan náà fún ilé-iṣẹ́ tó bá tà á kí báńkì tó fèsì. Báńkì tó gbọ́ tí kò yọ ọ́, kí òun náà san tirẹ̀, kí owó náà sì lọ sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jà lólè, kì í ṣe sápò ìjọba.