Àwọn Èèyàn Ń Dínkù ní American Samoa

Ní 2010, ìkànìyàn fi hàn pé 55,519 èèyàn ló ń gbé American Samoa, àwọn erékùṣù Amẹ́ríkà lójú òkun Pàsífíìkì. Nígbà tó fi di 2020, wọ́n ti di 49,710.

Iṣẹ́ ló fà á jù.

Ẹja tuna tí wọ́n ń dì sínú agolo ní Pago Pago ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń jẹun. Ilé-iṣẹ́ kan kógbá sílé ní 2009, òmíràn ní 2016. StarKist ló kù. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kò sì nílò físà láti wọ Hawaii, torí náà ó rọrùn fún àwọn tí kò ríṣẹ́ láti kó lọ síbẹ̀.

Ó yẹ kí ìjọba tètè wá iṣẹ́ mìíràn kún ti ẹja, kí ìkànìyàn 2030 má baà tún mú irú àbọ̀ yìí wá.