Ìdánwò IELTS Kò Bèèrè Gírámà Ńláńlá

Ibi tí wọ́n ń pè ní Boundary ni Àpápá ti bá Ajégúnlẹ̀ pààlà. Lápá kan ni èbúté ọkọ̀ òkun wà. Lápá kejì ni àdúgbò tí Yorùbá, Ìgbò, Ijaw àti Urhobo jọ ń gbé, tí Píjìn sì ti di èdè gbogbo wọn. Lápá méjèèjì ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń múra ìdánwò IELTS sílẹ̀, kí ọ̀nà ìlú ọba tàbí ti Kánádà lè là.

Owó ìdánwò yìí ju 70,000 náírà tí òfin ọdún 2024 fi ṣe owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ. Èsì rẹ̀ kì í sì í wúlò kọjá ọdún 2. Ó wá bani nínú jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn ń fi oṣù gbáko kọ́ ọ̀rọ̀ ràbàtà-ràbàtà sórí.

Nínú ìwé kíkà, ìbéèrè 40 ni wọn yóò dáhùn ní wákàtí 1. Wọn kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà, nítorí náà kò sí ìdí láti fi àlàfo sílẹ̀. Ibi tó ti ń mú ọ̀pọ̀ ni ìbéèrè tó ní kí wọ́n sọ bóyá gbólóhùn kan jẹ́ òótọ́, irọ́, tàbí pé àyọkà kò sọ ọ́. Bí àyọkà bá ní ọkọ̀ àjàgbé ń tò lọ sí èbúté, tí gbólóhùn sì ní títì tó bàjẹ́ ló fà á, ọmọ Àpápá tó ti lo wákàtí márùn-ún nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò yára kọ pé òótọ́ ni. Ó ti pàdánù máàkì. Ohun tí ojú rẹ̀ rí kọ́ ni wọ́n bi í. Ohun tí àyọkà sọ ni.

Ní ti ìwé kíkọ, iṣẹ́ 2 ló wà fún wákàtí 1: èkíní kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 150, èkejì kò gbọdọ̀ dín ní 250. Ìlọ́po méjì máàkì èkíní ni ti èkejì, síbẹ̀ èkíní ni ọ̀pọ̀ ń fi àkókò wọn ṣòfò lé lórí. Píjìn kọ́ ni ọ̀tá níhìn-ín, ohun yòówù tí olùkọ́ lè wí. Ẹni tó ń sọ Píjìn Ajégúnlẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ojú abẹ níkòó. Gírámà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún nílé ẹ̀kọ́ ló ń ṣe ìpalára, àti àròkọ àkọ́sórí tí àwọn kan ń tà. Àwọn tó ń máàkì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá irú rẹ̀ mọ̀. Ìwé ìròyìn kíkà lójoojúmọ́, àti àròkọ kan tí a kọ pẹ̀lú aago lórí tábìlì, sàn jù ú lọ. Àpẹẹrẹ ìbéèrè ọ̀fẹ́ sì wà lórí ìkànnì British Council.

Àmọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ní ẹjọ́ jẹ́. Jàmáíkà wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n yọ̀ǹda kúrò nínú ìdánwò èdè. Nàìjíríà, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ rẹ̀ títí dé yunifásítì, kò sí níbẹ̀. Ní 2021, àwọn ọ̀dọ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin náà kò yí padà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀ ń gba èsì Gẹ̀ẹ́sì WAEC tó bá dára tó. Kí ẹni tó fẹ́ lọ kàwé tó sanwó ìdánwò, kí ó kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà.