Ọ̀gá Sáìtì Ni Mo Fi Ẹ̀sùn Kàn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29 oṣù Kíní ọdún 2016, ìjì jà ní Edinburgh, ní orílẹ̀-èdè Skọ́tílándì, ògiri ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Oxgangs sì ya lulẹ̀. Bíríkì tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án dà síbi tí àwọn ọmọdé máa ń gbà kọjá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn ọmọ ò tíì dé. Kí ẹnikẹ́ni má di ẹ̀bi ru ìjì: afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà ò ju èyí tó yẹ kí ògiri náà fara dà lọ, ọdún 2005 ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Alábòójútó iṣẹ́, ìyẹn ọ̀gá sáìtì, ni mo fi ẹ̀sùn kàn.

Ẹ̀sùn kìn-ín-ní: ó jẹ́ kí wọ́n bo ohun tí òun ò yẹ̀ wò. Ìpele méjì ni irú ògiri yẹn, àlàfo wà láàárín. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló di méjèèjì mú, ó sì gbọ́dọ̀ wọnú símẹ́ǹtì ìpele kọ̀ọ̀kan tó mìlímítà 50, ó kéré tán. John Cole, ayàwòrán-ilé tí wọ́n gbé ìwádìí ìṣẹ̀lẹ̀ náà lé lọ́wọ́, sọ nínú àbọ̀ rẹ̀ lọ́dún 2017 pé irin wọ̀nyí ò wọnú ìpele ìta tó. Tí ògiri bá ti ga, ojú ò lè rí èyí mọ́. Ìgbà tí bíríkìlà ń tò ó lọ́wọ́ nìkan ló ṣeé rí, torí ìgbà yẹn gan-an la sì ṣe ń sanwó fún ọ̀gá sáìtì.

Wọ́n á ní bíríkìlà ló ṣe é. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń ka iye bíríkì sanwó fún, kíákíá ni yóò máa tò, ọ̀gá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó gbé iṣẹ́ fún un. Ká ní Oxgangs nìkan ni, ǹ bá dá bíríkìlà kan lẹ́bi, kí n dákẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ 17 tí wọ́n kọ́ lábẹ́ àdéhùn kan náà ni wọ́n tì ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, tí akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 7,000 fi kúrò ní kíláàsì wọn. Irú àléébù kan náà ló ń jáde ní ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àṣìṣe tó bá ń rìn láti ilé dé ilé báyìí, àìbójútó ni.

Ẹ̀sùn kejì ò gùn. Nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, ohun tó yẹ kó dí ọ̀nà iná àti èéfín láti yàrá kan sí èkejì, níbòmíràn kò sí, níbòmíràn wọn ò ṣe é bó ṣe yẹ. Ilé tí àwọn ọmọdé ń jókòó sí o!

Ẹ̀sùn kẹta kan ìjọba ìlú náà pẹ̀lú. Wọn ò fi ẹni tiwọn sí sáìtì láti máa yẹ iṣẹ́ wò. Àdéhùn fi agbaṣẹ́ṣe sílẹ̀ kó máa yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Cole bá wọn wí gidigidi lórí èyí. Àmọ́ kò dín ẹ̀bi ọ̀gá sáìtì kù. Ṣe ló fi kún un, torí ó mọ̀ pé ojú tòun nìkan ló kù.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ darí iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ò pọ̀: ọjọ́ tó fi ojú ara rẹ̀ wo ògiri kọ̀ọ̀kan, fọ́tò irin inú rẹ̀ kí wọ́n tó bò ó, àti ìbuwọ́lùwé rẹ̀ nísàlẹ̀. Èyí tí kò bá rí mú wá, kí wọ́n wó o, kó sì fi owó ara rẹ̀ tún un mọ.